Ìṣísẹ̀ Mọ́kànléláàádọ́ta

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Mo gbọ́ bí ilẹ̀kùn irin ilé wa ṣe ké nísàlẹ̀.
Èmi wà ní àjà kẹfà, lórí àga onítáyà mi,
tọ́ọ̀ṣì lórí itan, fóònù létí.

"Tsiuri, ṣé o jí?"
"Ta ni yóò sùn?"

Gldani ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ibùdókọ̀ náà rèé, ní òdìkejì títì,
mo lè ka nọ́ńbà ara bọ́ọ̀sì láti ibi tí mo jókòó.
Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi irin dí títì láàrin:
mọ́tò ló ni òkè,
ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ kó gba abẹ́ ilẹ̀.
Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Irin méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ní kẹ̀kẹ́ lè gbà
dúró ṣánṣán bí ògiri.
Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ìgbọ̀nwọ́ mi ṣì ń sọ ìtàn rẹ̀.

Àná, ẹ̀wà tó jóná la sọ.
Lónìí Lamara ní kí n sọ ohunkóhun, kí n má ṣáà dákẹ́,
nítorí ọkùnrin kan ń mu sìgá lẹ́nu ihò náà.
Kò ṣe nǹkan kan.
Ó kàn ń yí ọrùn tẹ̀lé e.
Mo ń sọ̀rọ̀ owó gáàsì, mo ń sọ̀rọ̀ ológbò Maqvala.
Kọ́kọ́rọ́ ilé wà láàrin ìka rẹ̀, mo mọ̀,
èmi ni mo kọ́ ọ, lọ́dún tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Fóònù kú.
Ó máa ń kú níbẹ̀. Gílóòbù ti kú ṣáájú rẹ̀,
láti ìgbà ìkórè èso àjàrà.

Ẹsẹ̀ tirẹ̀ wọ ihò, ojú tèmi ò wọ̀ ọ́;
ojú tèmi dé ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ mi ò dé ibẹ̀.
Mo ń kà.
Ìṣísẹ̀ mọ́kànléláàádọ́ta, bí orúnkún ò bá dùn ún.
Ogún.
Ọkùnrin yẹn ju sìgá nù. Ó wo ìsàlẹ̀.
Ogójì.
Ó wo òkè, ó rí iná mi;
mi ò mọ ìgbà tí mo tàn án sí i lójú.
Ó fi ọwọ́ bojú, ó bá tirẹ̀ lọ.
Bóyá ènìyàn rere ni. Mi ò ráyè mọ̀ ọ́n.

Àádọ́ta.
Ọgọ́ta.
Àádọ́rin, Ọlọ́run mi,

fìlà pupa kan yọ ní òdìkejì,
ó di irin mú, ó ń mí.
Mo tan iná, mo pa á, lẹ́ẹ̀mejì.
Ó gbé ọwọ́ sókè, kò bojú wẹ̀yìn:
bọ́ọ̀sì ti dé,
àtẹ̀gùn tirẹ̀ náà ga.