Ọwọ́ Tó Ń Fún Aṣọ

Ìsàlẹ̀, lápá òsì. Ìsàlẹ̀, lápá òsì.
Ihò mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lórí páálí náà
ṣù jọ sí igun kan bí agbo ewúrẹ́ tó sá fún òjò.
Sájẹ́ńtì Ṣóẹ̀tán kò bínú.
Ó ká páálí náà, ó fi lé eṣinṣin,
ó ní, "Ìbọn yìí kò jẹ̀bi. Gbé ọwọ́ rẹ wá."

Ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń ná iṣu,
ó rí aró tó ti wọ ìdí èékánná mi.
"Iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ ń ṣe?"
Aláró ni, ní Ìtòkú.
Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń bá a fún aṣọ:
òun ní etí kan, èmi ní etí kejì,
a ó lọ́ ọ, a ó fún un
títí omi dúdú yóò fi tán lára rẹ̀.
"Ẹ̀n-ẹ́n. Aṣọ lò ń fún lórí ìbọn mi."

Òótọ́ ni.
Bí ìka kan bá ti ń fa tírígà bọ̀ wá sẹ́yìn,
àwọn yòókù a dìde láti ràn án lọ́wọ́,
bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n níṣẹ́.
Ẹnu ìbọn a sì tẹrí ba, díẹ̀ báyìí, bí ọmọ tó rí àgbà.
Díẹ̀ yẹn, tó bá fi máa rin mítà mẹ́wàá,
ó ti ṣìnà.

Ó ní ká tún un bẹ̀rẹ̀.
Kí ìdí ìbọn wọlé gbọn-in sí àlàfo àtàǹpàkò,
kí afẹ́fẹ́ má rí ọ̀nà gbà láàárín ẹran ọwọ́ àti igi.
Ọrùn ọwọ́ kò gbọdọ̀ ṣẹ́.
Ìka àárín àti èyí tó tẹ̀lé e ni kó dì í mú;
ọmọńdinrín kàn wá bẹ̀ wọ́n wò ni.
Ìfábẹ̀lá nìkan ló níṣẹ́,
"kó sì fà á bí ẹni ń fi ìka kó ọbẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ àwo,
nígbà tó mọ̀ pé kò sí òmíràn nínú ìkòkò.
Orúkọ rẹ ni Tẹjúmádé, àbí?
Tẹjú mọ́ irin kékeré orí ẹnu rẹ̀. Fi páálí sílẹ̀ kó ṣú."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò fún mi lọ́ta kan.
Kọ́bọ̀ àtijọ́ kan ló gbé lé orí ìbọn òfìfo,
nínú ahéré páànù wa l'Ọ́bàntokò, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta.
Mo fà á, kọ́bọ̀ bọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣà á.
Mo fà á, ó bọ́. Eruku funfun lára ṣòkòtò mi.
Lọ́jọ́bọ̀ kan, àpáta dún gbòlà, páànù gbọ̀n,
kọ́bọ̀ náà jókòó.
Sájẹ́ńtì kò wí nǹkan kan. Ó lọ ra gúgúrú.

Nílé, ìyá mi sá aṣọ sórí okùn, ó wo ilẹ̀.
Omi dúdú ń kán tó, tó, sórí sìmẹ́ńtì.
"Tẹjúmádé, ta ló ba ọwọ́ rẹ jẹ́?"
Kí ni kí n wí?
Pé mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan mú
láìgba ohunkóhun lára rẹ̀?
Mo mú etí kan. A tún un fún.

Páálí àná wà lára ògiri:
ihò méje láàárín,
mẹ́ta ṣì wà ní igun àwọn ewúrẹ́.
Ìyá mi ló ni mẹ́ta yẹn.