Olùtọ́jú Ẹ̀wù

Iṣẹ́ mi ni kí n gba ẹ̀wù òtútù lọ́wọ́ àlejò,
kí n fi í kọ́, kí n fún ẹni tó ni ín ní nọ́ńbà.
Ọdún kejì rèé tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ti ń jókòó
nínú gbọ̀ngàn yìí, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Fìtóríà, ní Lọ́ńdọ̀nù.
Ogun tí wọ́n ń wádìí ti parí.
Ìwádìí ò tíì parí.

Mi ò mọ òfin. Ìwúwo ẹ̀wù ni mo mọ̀.
Ti agbẹjọ́rò máa ń wúwo lápò òsì: kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.
Òórùn òjò àti sìgá ló máa ń wà lára ti oníròyìn.
Ti Ìyá Gwẹ́nda, tó ń wọ bọ́ọ̀sì òru wá láti Kádíìfù,
díẹ̀ ló kù kó bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́.
Àgádágodo àpótí ọmọ rẹ̀ ló wà nínú àpò,
èyí tí àwọn ológun kó dé láìsí kọ́kọ́rọ́.
Ìkọ́ tí mo ń fi ẹ̀wù yẹn kọ́ ti tẹ̀.

Lónìí, olórí ìjọba àná wá.
Ọlọ́pàá mẹ́rin ṣíwájú, òjò ò kàn án.
Ó bi mí ní orúkọ. Mo ní Ajíṣafẹ́.
Ó pè é dáadáa, ju ọ̀gá mi lọ,
tí a ti jọ wà láti ọdún mẹ́fà.
Mo sọ èyí nítorí òtítọ́ ni: ó mọ èèyàn kí.
Ẹ̀wù rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́.
Kò sí nǹkan kan nínú àpò.

A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ tó wà lókè ìlẹ̀kùn.
Wọ́n ní ta ló ní kí àwọn ọmọ yẹn lọ?
Ó ní àwọn amí ló mú ìròyìn wá.
Àwọn amí ti wá lóṣù tó kọjá,
wọ́n ní agbẹjọ́rò ló tún ìròyìn náà kọ;
agbẹjọ́rò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló dìbò;
àwọn aṣòfin ní ọ̀rọ̀ olórí làwọn gbà gbọ́.
Bí wọ́n ṣe ń gbé òkú ọ̀hún yí agboolé ká nìyẹn,
kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sin ín sẹ́yìnkùlé òun.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá sọ ọ́:
"Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ọrùn mi ni gbogbo rẹ̀ wà."
Àwọn oníròyìn sáré jáde.

Èmi wá ń ro ọ̀rọ̀ ọrùn.
Ìyá mi ru igi láti oko wá sí Ìkirè fún ogún ọdún.
Títí tó fi kú, kò lè yí ojú sí òsì.
Mo mọ ọrùn tó ru ẹrù. Kì í gùn.
Àárín orí a máa pá, níbi tí òṣùká ń jókòó sí.

Nígbà tó wá gba ẹ̀wù, mo wò ó
ju bó ti yẹ kí òṣìṣẹ́ wo àlejò lọ.
Táì rẹ̀ gún. Irun rẹ̀ pé.
Níbo lẹ gbé òṣùká sí, sà?
Mi ò bi í. Ọmọ mi méjì wà ní yunifásítì.
Mo ní, "Ó dàbọ̀, sà."
Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ nínú ìwé ìwádìí yín.

Mo bá Ìyá Gwẹ́nda gbé tirẹ̀ dé èjìká.
Ẹlẹ́rù ló ń gbé ẹrù ká tó bá a fọwọ́ kún un.

Ó ku Haitamu, ará ìlú tí bọ́ǹbù náà bọ́ sí.
Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó.
Kò sẹ́ni tó tíì pè é kó wá sọ̀rọ̀.
Kì í bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fún mi.
Àràárọ̀ ni mo ń nawọ́ sí i, á rẹ́rìn-ín,
á ní, "Ẹ ṣeun. Mi ò ní pẹ́."