Awọ Ni Mo Bá

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí a sin bàbá mi ní Kilbrennie,
létí òkun Skọ́tíláǹdì tí kì í gbóná,
mo gbé àpótí náà sórí bẹ́ẹ̀dì,
àpótí tí ìyá mi gbá eruku abẹ́ rẹ̀
fún ogójì ọdún, tí kò ṣí i rí.
Gbogbo ìlú ní awo ló wà nínú rẹ̀.
Mo ṣí i.
Awọ ni mo bá.

Awọ ọ̀dọ́ àgùntàn, bàǹtẹ́ funfun tó ti rúsú bí eyín amutábà.
Ìbọ̀wọ́ méjì; kòkòrò ti jẹ àtàǹpàkò ọ̀kan.
Okùn ìwọ̀n kan, òjé lẹ́nu rẹ̀.
Àti ìwé pélébé tí lẹ́tà kan ń dúró fún odindi ọ̀rọ̀,
bí eyín méjì lẹ́nu ọmọ ọwọ́.
Mo ní, ó dé! Ibí ni wọ́n kọ ọ́ sí, bí wọ́n ṣe ń yí ayé.
Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé.
Létí ìwé, pẹ́ńsùlù, ọwọ́ bàbá mi:
“Ra wàrà. Ra ìṣó òrùlé. Sanwó èédú Lockie.”

Mo wà lọ́mọ ọdún méje nígbà tí Elspet Gourlay, ẹlẹ́ja, sọ fún mi
pé ewúrẹ́ ni wọ́n ń gùn kiri lókè ilé-ìfìwéránṣẹ́.
Mo dúró nísàlẹ̀ nínú òjò, mo ń retí igbe ewúrẹ́.
Àga ni mo gbọ́ tí wọ́n ń wọ́,
ikọ́ dọ́kítà,
àti bàbá mi tó ń ka nǹkan lórí, tó ń gbàgbé, tó ń tún un kà.
Pásítọ̀ ní wọn ò mọ Jésù.
Àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àwọn ni wọ́n ni báńkì, ogun, àti òṣùpá.
Bàbá mi! Tí báńkì gba ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ lọ́dún tí yìnyín wó òrùlé ọjà.

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.
Nígbà tí ọwọ́ ìyá mi rọ,
ẹnìkan ń ti ogún pọ́n-ùn sábẹ́ ilẹ̀kùn wa lóṣooṣù. Kò sórúkọ.
Ṣùgbọ́n Francie Docherty, ọmọ Àgùdà,
tó mọ òkúta gbẹ́ ju gbogbo wọn lọ,
wáṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń wa òkúta lẹ́ẹ̀mẹta.
Ọ̀gá ibẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́,
ó fi àtàǹpàkò wá nǹkan kan lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, kò rí i.
Ó ní àyè ti kún.
Francie wọkọ̀ ojú omi lọ sí Kánádà.
Mo bi bàbá mi léèrè.
Ó wo inú tíì rẹ̀ títí tó fi tutù.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló la ẹnu, lára ògiri ilé àwọn mọ́ńkì tó ti wó.
Ó fi ìka mi bọ inú àmì kan: ẹja tí kò nírù.
“Ẹni tó gbẹ́ eléyìí ò mọ̀wé. Àmì yìí ni wọ́n fi ń ka owó rẹ̀.
Bó bá dé ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ kan létí ọ̀gá ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀.
Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá kò sí láti kọ́ mọ́,
àwọn olówó tí kò gbé òòlù rí wá tọrọ ọ̀rọ̀ náà.
Wọ́n ní ara àwọn ni àwọn fẹ́ gbẹ́,
kí Ayàwòrán-ilé Àgbà lè rí àwọn lò.
Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn. Àwọn kan ní irọ́ ni.”
“Ṣé wọ́n gbẹ́ ara wọn?”
“Àwọn kan. Òkúta àwọn kan le.”

Mo so okùn ìwọ̀n náà mọ́ àjà yàrá rẹ̀,
mo dúró kí òjé yéé mì.
Ògiri tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ
fi ìbú ìka kan tẹ̀ sápá òsì.
Mo ká okùn náà. Mo ti àpótí padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Mo jáde lọ ra wàrà.