Àpòòwé Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ahun ò fẹnu kan nǹkan.
Ojú rẹ̀ méjèèjì wú, ó dì pa,
bí àpòòwé tí wọ́n fi itọ́ lẹ̀ dáadáa.
Mo mọ̀ nípa àpòòwé.
Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi pín lẹ́tà ní Àjàṣẹ́,
láti Wàndó dé etí ọ̀sà,
lórí kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì rẹ̀ ń já lójoojúmọ́,
n kò sì tú èyí tí kì í ṣe tèmi wò rí.

Ṣàkírátù ló ni ín. Apẹja kan ló fún un,
nígbà tí ahun náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.
Ó sọ ọ́ ní Mùsíò,
torí ó ń rìn bí ọ̀gá ilé-ìwé wọn:
ọrùn síwájú, ìbínú lẹ́yìn.
Nígbà tó ń lọ sí Gàbọ́ọ̀nù,
ó gbé àpótí, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ,
ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo Mùsíò."

Láàárọ̀, mo gbé omi kaná títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Mo fi ìgúnpá dán an wò, bí ìyá Ṣàkírátù ti í ṣe
kó tó wẹ ọmọ náà, nígbà tó wà láyé.
Mo fi òwú nu ojú ahun. Kò là.
Mo gbé e sí oòrùn lórí bíríkì, mo jókòó tì í
kí àṣá má rò pé tirẹ̀ ni.
Bójú ọ̀run bá ṣú, mo tan gílóòbù sí i lórí;
bí wọ́n bá múná lọ, mo gbé e sábẹ́ aṣọ mi,
ó tutù, ó le, bí òkúta odò lórí ikùn àgbà.

Yáyì Ganíyátù na ọrùn lórí ògiri:
"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, àwọn kan ń fi ata sè é,
ẹ̀yin ń fi tówẹ̀lì nù ún!"
Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé kí n jà ni?
Lálẹ́, ó gbé èèpo ẹyin tó ti gún kúnná
ka orí ògiri, kò wí nǹkan kan, ó wọlé lọ.

Onísẹ̀mí gba ọ̀ọ́dúnrún fránkì,
ó bi mí pé kí ló wà nínú agbọ̀n. Mo ní lẹ́tà.
Dókítà ẹran dà á dojú dé, ó fi ìka kan ìdí rẹ̀.
"Mo mọ màlúù. Mo mọ àgùntàn.
Èyí, ẹ jẹ́ n pe ọ̀rẹ́ mi kan ní Kùtọnu."
Ọ̀rẹ́ ní fítámì ló ṣaláìní, àti oòrùn, àti sùúrù.
Fítámì nìkan ló wà nílé olóògùn.

Àlọ́ purọ́ mọ́ ọ, Mùsíò.
Wọ́n ní o gbọ́n, wọ́n ní o jalè,
wọ́n ní o já bọ́ láti òkè tí ẹ̀yìn rẹ fi rí ṣákiṣàki.
Wo ara rẹ. Ọgbọ́n wo ló wà nínú ẹni
tó gbé ilé rẹ̀ dání tí òtútù ṣì ń mú un?

Ṣàkírátù ń pè lálaalẹ́: "Mùsíò ńkọ́?"
Mo ní ó wà. Mo ní ó ń sùn.
Èmi tí n kò fi lẹ́tà ẹnikẹ́ni pamọ́ rí.
Lálẹ́ àná, ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu, mo tú u sílẹ̀:
ojú, omi, gílóòbù, gbogbo rẹ̀.
Ó dákẹ́ pẹ́. Mo ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ yẹn.

Lónìí, mo bọ edé láìfiyọ̀ sí i, mo gé e wẹ́wẹ́,
mo fi igi ìtayín gbé e síwájú imú rẹ̀.
Apá ro mí. Mo pààrọ̀ ọwọ́.
Ojú ọ̀tún là,
bí etí àpòòwé tó kọ́kọ́ ṣí,
tín-ín-rín, dúdú, tútù. Ó wò mí.
Ó bu edé, ó tu ú dànù, ó tún bù ú.
Ẹyọ kan àtààbọ̀ ló wọlé.

N kò dúró kó dalẹ́ kí n tó pè é. "Ó jẹun."
Ó kígbe, ó rẹ́rìn-ín, ó fọn imú.
Ó wá ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Kí lẹ jẹ?"
Mo wo ìdáná. Eérú ìjẹta ni.
Mo wo àwo. Edé mẹ́rin ló kù, wẹ́wẹ́, láìníyọ̀.
Mo jẹ ẹ́.