Egungun Kẹ̀kẹ́ Lára Ògiri

Ọjọ́ kan náà la jọ wọ ṣọ́ọ̀bù Belarmino ní Nobsa,
èmi àti Edelmira, ẹ̀gbọ́n mi.
Èmi gun tèmi jáde.
Òun gbé tirẹ̀ kọ́ èjìká bí ẹni gbé àkàbà.

Tèmi pé: táyà méjì, ṣéènì, bíréèkì,
gàárì tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀,
ìwé ẹ̀rí ọdún kan pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa.
Tirẹ̀? Irin tí wọ́n jó mọ́ irin,
ọ̀dà àwọ̀ ewé tó ti ń ṣí lábẹ́ ọrùn.
Kò lẹ́sẹ̀, kò lọ́wọ́, kò níbi ìjókòó.

Belarmino kì í bá oníbàárà jiyàn, síbẹ̀ ó sọ ọ́:
"Ọmọ mi, ẹni tó ra egungun ṣì ń bọ̀ wá wá ẹran.
Mo ti ta irú ẹ̀ rí. Ó ń jẹ owó bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ.
Mú odindi. Gùn ún lọlé."
Edelmira fi èékánná ta irin náà, ó dẹtí sí i.
Ó ní agolo ni tàwọn odindi yẹn.
Ó ka owó wàrà oṣù mẹ́rin sórí tábìlì.

Oṣù mọ́kànlá ló fi wà lára ògiri
lókè àpò pòtétò.
Màmá ń sá rúánà tó tutù sí i.
Adìyẹ kan sùn lórí ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí yìnyín rọ̀.
Àwọn ará àdúgbò á yọjú, wọ́n á ní,
"Kẹ̀kẹ́ yín ńkọ́? Ṣé ó ti hu táyà?"
Èmi ń gun tèmi lọ sí Sogamoso, mò ń bọ̀,
atẹ́gùn òkè ń gbá mi létí,
mo sì ń rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, mo rẹ́rìn-ín gan-an ni.

Fọ́ọ̀kì wá láti ọwọ́ opó kan ní Tibasosa
tí ọkọ rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje nígbà ayé ẹ̀;
ìyá náà ò gbowó, lítà wàrà mẹ́fà ló gbà.
Ríìmù ẹ̀yìn wọ bọ́ọ̀sì wá láti Duitama,
lórí itan ẹ̀gbọ́n mi, bí ọmọ jòjòló.
Ó ra òpó gàárì, kò wọ̀.
Ó ra òmíràn, ó ń mì.
Ìdá díẹ̀ nínú mìlímítà! Ohun tójú ò rí
ló pa á lẹ́kún lálẹ́ Sátidé kan.
Ó ju sípánà sínú ọgbà àlùbọ́sà,
ó tún mú tọ́ọ̀ṣì, ó lọ wá a.

Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà:
egungun, àti gbogbo ẹran tó fi bò ó.
Owó tèmi ni, àti ìdajì ẹ̀ lórí.
Mo fi hàn án. Ó ní, "Mo mọ̀,"
ó ń fepo pa ṣéènì lọ.
Bó bá jẹ́ owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere,
a jẹ́ pé ìhìnrere tirẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wá.

Nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í ké,
ọ̀dọ̀ Belarmino ló sùn fún ọjọ́ mẹ́ta,
n ò sì mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un títí dòní.
Tirẹ̀ bá ké, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
á fìka kan bọ́ọ̀tù kan: "Ìwọ ni."

Àná ló kọ́kọ́ gùn ún gòkè.
Kò yá ju tèmi lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ dókè.
Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi,
ó tẹrí ba, ó ń gbọ́ bí táyà ṣe ń yí fúnra ẹ̀.

Ó ku ohun kan. Kẹ̀kẹ́ náà ò ní agogo.
Ní Nobsa, níbi tí wọ́n ti ń rọ agogo ṣọ́ọ̀ṣì,
tóo bá ju òkúta lọ́jà, agogo ni yóò bà!
Ó ní òun ò tíì rí èyí tó bá a mu.