Ìgbà Wo Ni Ọ̀sà Ń Gbẹ?

Ogójì àpilẹ̀kọ kí omi tíì tó hó,
bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn nínú yàrá Ọ̀gá Mukáílà
lókè ṣọ́ọ̀bù oníbúlọ́ọ̀kù, l'Ókè-Pósùn.
Màá tẹ ọ̀rọ̀ kan péré, "àwọ̀n", tàbí "ìtọ̀ ṣúgà", tàbí "ilé rírà",
ẹ̀rọ á sì máa dà á sílẹ̀
bí ẹ̀rọ omi tí orí rẹ̀ ti yọ.
Náírà márùndínlógójì ni tèmi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Àpilẹ̀kọ ni wọ́n ń pè é.
Mo wá ẹni tó pilẹ̀ rẹ̀ títí, n kò rí.

Bàbá mi àgbà ní kí n ka ọ̀kan fún òun.
Ó jókòó sẹ́yìnkùlé, àwọ̀n lórí itan,
abẹ́rẹ́ onígi láàárín eyín.
Mo ka èyí tó jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀:
"Àwọ̀n títúnṣe jẹ́ ohun tó ṣe pàtàkì.
Nínú ayé tí a wà lónìí, kò sí ẹni tí kò mọ̀
pé àwọ̀n títúnṣe ṣe pàtàkì púpọ̀.
Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọ̀n títúnṣe—"
Ó gbọ́wọ́ sókè.
"Ṣé ẹni yìí ti wọnú omi rí?"
Mo ní kì í ṣe ènìyàn, Bàbá.
Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.
"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bí àlejò
tó ti jẹun tán, tó ti fọwọ́, tí kò fẹ́ lọ."
Ó so ojú àwọ̀n mẹ́ta kó tó tún la ẹnu:
"Kò dárúkọ òwú. Kò dárúkọ ẹja kankan.
Ojú àwọ̀n ẹ̀pìyà kọ́ ni ojú àwọ̀n òbòkún."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo padà síbi iṣẹ́.
Lọ́jọ́ náà, ọgọ́ta ni mo fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àtàlátà kan, ọyẹ́ ṣì ń jà,
ọkùnrin kan dúró létí omi ní Máríìnà,
bàtà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìbọ̀sẹ̀ nínú bàtà,
ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún.
Láti Ọ̀fà ló ti wá. Àbúrò ìyá rẹ̀ kú ní òdìkejì.
Ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bèèrè àkókò ìrun:
"Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ọ̀sà yìí ń gbẹ?"
Àwọn atukọ̀ bú sẹ́rìn-ín.
Ó na fóònù sí mi, kí n má baà rò pé orí òun dàrú:
"Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ a máa gbẹ,
àwọn ará ìlú á sì fi ẹsẹ̀ rìn ín kọjá
pẹ̀lú ayọ̀ àti ìdùnnú."

Pẹ̀lú ayọ̀ àti ìdùnnú.
Mo mọ gbólóhùn yẹn bí mo ṣe mọ àpá orúnkún mi.
Ìka mi yìí ló tẹ "Ẹ̀pẹ́"
lálẹ́ ọjọ́ tí iná fẹ́ lọ, tí n kò ka ohun tó jáde.
Ọkùnrin náà kò bínú. Ìyẹn ló burú jù.
Ó ṣáà ń wí pé, "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ni,"
bí ẹni pé ohun tí a bá ti kọ ti di ẹlẹ́rìí.

N kò jẹ́wọ́.
Mo san owó ọkọ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà,
ogún àpilẹ̀kọ.
Ó wọkọ̀, ó gbé bàtà lé itan bí ọmọ,
ó ń dúpẹ́ títí n kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Lálẹ́ mo pa ẹ̀rọ, mo mú bírò.
Mo kọ ọ́: "Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kì í gbẹ."
Mo lọ bi Bàbá bóyá òótọ́ ni.
Ó ní, "Dúró ná. Lọ́dún tí a bí ìyá rẹ
omi fà sẹ́yìn débi pé a rí egungun ọkọ̀ kan
tí a kò mọ ẹni tó ni ín.
Ṣùgbọ́n gbígbẹ kọ́ nìyẹn. Kọ ìyẹn náà sí i."
Mo fa igi lé èyí tí mo kọ.
Ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ní,
kò tíì parí,
fóònù sì ń dún: Ọ̀gá Mukáílà.