Àkọsílẹ̀ Ìpàdé, Joensuu

Èmi ni mo ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀.
Ní yàrá òkè tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò,
àwa márùn-ún jókòó síwájú ẹ̀rọ;
àwọn mẹ́fà jókòó sí Cusco, lórí òkè, lọ́hùn-ún.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Domitila kí wa. Ó kí ilé, ó kí ọ̀nà,
ó béèrè ọmọ Raimo tó kán lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó kọjá.
Raimo ní: "Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká wo ìlà kẹrin àdéhùn."

Ìlà kẹrin: irúgbìn ànàmọ́ tí a bá jọ ṣèwádìí rẹ̀,
ta ni yóò ni ín?
Domitila ló bi wá. Raimo dákẹ́.
Ó ń rò ó ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń ronú kì í la ẹnu;
ọ̀rọ̀ tó bá tètè dé, a máa ń fura sí i.
Ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn nínú gíláàsì,
bí ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́.
Wọ́n ní "Ó dáa, ó dáa," lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gbà.
Wọn ò gbà.
Oṣù mẹ́rin la fi wá ohun tó sọnù
sáàárín "ó dáa" àti "a gbà".

Ní Fẹ́búárì wọ́n fò wá, Domitila àti Eleuterio,
nínú ẹ̀wù àyálò tó gùn dé kókósẹ̀.
Raimo ò mú wọn lọ sí yàrá ìpàdé.
Ó mú wọn lọ sórí adágún tó ti di yìnyín,
ó lu ihò, ó ju ìwọ̀ sí i,
ó jókòó sórí korobá tó dojú dé.
Wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó fọhùn.
Òtútù ń jẹ wá létí bí eèrà.
Mo ní ó ti parí nìyí.

Ìgbà náà ni Domitila gba ife kọfí;
kó tó mu ún, ó ta díẹ̀ sílẹ̀,
ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí yìnyín.
Raimo wo àbàwọ́n náà lórí funfun, ó pẹ́.
"Kí lẹ sọ fún un?"
"Mo ní àlejò ni wá. Mo ní kó má bínú."
Ó tún pẹ́. Ẹja kan fa okùn, ó fi í sílẹ̀.
"Bàbá mi," Raimo ní, "a máa tutọ́ sí ìwọ̀ àkọ́kọ́.
Mi ò bi í ní ìdí rẹ̀ rí."
Eleuterio rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sínú ihò.

Ìlà kẹrin ṣì wà níbẹ̀; a ò tíì fọwọ́ sí i.
Ṣùgbọ́n nínú ìwé mi, níbi tí mo ti máa ń kọ
"kò sí ọ̀rọ̀,"
mo ti ń fi àyè sílẹ̀ báyìí,
ìka mẹ́ta, ìka mẹ́rin,
mo sì ń kọ sí etí rẹ̀ pé: Raimo ń bọ̀.